Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀: Báwo ni wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀ orí ayélujára ṣe, ta ló sì ni ín gan-an?

Kò sí kátapílà, kò sí ṣọ́bìrì, kò sì sí lébìrà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ti di òkè, ẹ̀gbẹ́ òkè náà ti di kòtò, omi ti wọ inú kòtò náà, ó sì ti di ọ̀sà. Ẹni tó ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí jókòó sórí àga nínú yàrá rẹ̀. Máòsì kọ̀ǹpútà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí à ń sọ yìí kò sí lórí máàpù ayé. Ẹsẹ̀ kò lè tẹ̀ ẹ́, òjò kò sì lè wọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n owó gidi ni wọ́n fi rà á, owó gidi ni wọ́n ń san lórí rẹ̀ lóṣooṣù, àwọn èèyàn sì ti tìtorí rẹ̀ wọ́ ara wọn lọ sílé ẹjọ́.

Ó ti lé ní 20 ọdún báyìí tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ nínú àwọn ayé àtọwọ́dá orí ayélujára. Ní báyìí tí iléeṣẹ́ ńlá láti ilẹ̀ Áfíríkà náà ti ra tirẹ̀, ó yẹ ká béèrè: báwo ni wọ́n ṣe ń tún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó? Bí ìjà bá sì dé, ta ni ilẹ̀ máa dá láre?

Kí ni Second Life?

Bí a bá fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ orí ayélujára, ọ̀dọ̀ Second Life ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ Linden Lab, tí Philip Rosedale dá sílẹ̀ nílùú San Francisco lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2003 ni wọ́n ṣí i fún aráyé.

Kò dà bí géèmù tí èèyàn ti ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí wọ́n ti ń yìnbọn. Kò sí ẹni tó ń borí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fìdí rẹmi. Ẹni tó bá wọlé yóò yan àwòrán èèyàn kan tí yóò máa ṣojú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní avatar. Àwòrán yìí ni yóò máa rìn kiri, tí yóò máa fò lójú ọ̀run, tí yóò sì máa bá àwọn ẹlòmíì tàkúrọ̀sọ.

Àwọn tó ń lo Second Life fúnra wọn ló kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ilé, ọjà, ṣọ́ọ̀bù àti ọgbà tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní owó tiwọn tí wọ́n ń ná, ìyẹn dọ́là Linden, èèyàn sì lè ṣẹ́ ẹ sí dọ́là Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2003 kan náà ni Linden Lab kéde pé ẹni tó bá ṣe nǹkan síbẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọjà ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Agbègbè kan nínú Second Life jẹ́ mítà 256 ní gígùn àti mítà 256 ní fífẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, mítà 65,536 níbùú lóròó ni. Ní ti plọ́ọ̀tì tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀, èyí tó jẹ́ 60 ní 120 ẹsẹ̀ bàtà, agbègbè kan fẹ̀ tó nǹkan bíi plọ́ọ̀tì 98. Wọ́n lè gé e sí wẹ́wẹ́ títí dé orí plọ́ọ̀tì tó kéré jù, tí kò ju mítà mẹ́rin ní mẹ́rin lọ.

Kókó kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú agbára àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí Linden Lab ń bójú tó. Ààyè lórí kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn ni wọ́n ń tà fún èèyàn lórúkọ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí owó oṣooṣù fi wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún, ìdí sì nìyí tí plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan fi ní iye ohun tí èèyàn lè gbé sórí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe tóbi sí ni ohun tó lè gbà ṣe ń pọ̀ sí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ di òkè

Lójú kọ̀ǹpútà, ilẹ̀ yìí kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta. Nọ́ńbà ni. Ojú ilẹ̀ náà pín sí àmì kéékèèké tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ga tó. Ẹni tó ń kọ́ òkè ń fi kún nọ́ńbà wọ̀nyí ni. Ẹni tó ń gbẹ́ odò ń yọ kúrò nínú wọn.

Irinṣẹ́ mẹ́fà ló wà fún iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń gbé ilẹ̀ sókè, èkejì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ẹ̀kẹrin ń mú kí ó dán kí òkè má baà ṣe gànnàkù-gànnàkù. Ìkarùn-ún ń sọ ọ́ di págunpàgun bí ilẹ̀ àdánidá. Ìkẹfà ń dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, èyí sì ni irinṣẹ́ tó ti gba ọ̀pọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù sílẹ̀.

Orí mítà 20 ni omi sábà máa ń wà. Ilẹ̀ tí èèyàn bá gbẹ́ kọjá ibẹ̀ yóò di omi fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnì kan pọnmi sí i. Àwọ̀ ilẹ̀ náà ń yí padà bó ṣe ń ga sí i: iyanrìn lè wà létí omi, koríko lókè rẹ̀, kí àpáta sì wà lórí òkè pátápátá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni èèyàn ti lè ṣe bó ṣe wù ú. Lórí ilẹ̀ ńlá tí gbogbo èèyàn jọ wà, ọ̀pọ̀ agbègbè kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni gbé ilẹ̀ sókè tàbí kí ó gbẹ́ ẹ ju mítà mẹ́rin lọ sí bó ṣe wà látilẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí ẹnì kan bá sọ plọ́ọ̀tì rẹ̀ di òkè gíga, ògiri yẹ̀pẹ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ yóò máa wò lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ erékùṣù aládàáni yàtọ̀. Níbẹ̀, onílẹ̀ lè gbé e sókè tàbí kí ó gbẹ́ ẹ tó 100 mítà. Ó tún lè ya àwòrán ojú ilẹ̀ náà sínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo erékùṣù yí padà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè dè é mọ́lẹ̀ kí ìrísí tuntun náà di ìpìlẹ̀ tí gbogbo àtúnṣe yóò máa padà sí.

Obìnrin tó fi ilẹ̀ orí ayélujára lówó

Iṣẹ́ títún ilẹ̀ ṣe yìí ti sọ àwọn kan di olówó. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Ailin Graef, obìnrin tí wọ́n bí ní Ṣáínà tó ń gbé ní Jámánì. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nínú Second Life ni Anshe Chung.

Ọdún 2004 ló wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò tó dọ́là mẹ́wàá. Ó ń ra ilẹ̀ gbalasa, ó ń tún ojú rẹ̀ ṣe, ó ń gbin igi sí i, ó ń gé e sí plọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà ni yóò tà á tàbí kí ó fi háyà. Ó ń ṣe òfin fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan má baà kọ́ ilé iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ẹlòmíì ti fẹ́ ìdákẹ́jẹ́.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2006, ìwé ìròyìn BusinessWeek gbé àwòrán avatar rẹ̀ sí iwájú ìwé. Lóṣù Kọkànlá ọdún náà, ó kéde pé ohun ìní òun nínú Second Life ti kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n ibi tí oyin bá wà, eṣinṣin kì í jìnnà síbẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2006 yẹn, nígbà tí iléeṣẹ́ ìròyìn CNET ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nínú gbọ̀ngàn kan ní Second Life, àwọn adàlúrú ya bo ibẹ̀. Wọ́n da àwòrán rírùn sójú ọ̀run gbọ̀ngàn náà títí ètò náà fi dàrú.

Àwọn ajagungbalẹ̀ orí ayélujára

Nínú ayé àtọwọ́dá, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa wá gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀kan lára rẹ̀ ni pé àwọn kan ń ra ilẹ̀, wọ́n ń gé e sí plọ́ọ̀tì kéékèèké tí kò ju mítà mẹ́rin ní mẹ́rin lọ, wọ́n sì ń gbé pátákó ìpolówó gàgàrà tó ń yí bírípó sórí rẹ̀. Ẹni tó ti náwó nára láti kọ́ ọgbà tó rẹwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé ojú ilẹ̀ òun ti bàjẹ́. Bó bá fẹ́ kí pátákó náà kúrò, àfi kí ó ra plọ́ọ̀tì kékeré yẹn ní owó gọbọi. Ariwo pọ̀ títí Linden Lab fi ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2008.

Èkejì ni àwọn tó ń ba nǹkan jẹ́ nítorí pé ó dùn mọ́ wọn. Lọ́jọ́ 19, oṣù Kọkànlá, ọdún 2006, ẹnì kan tú òrùka aláwọ̀ góòlù sílẹ̀ tó ń bí ara rẹ̀ léraléra. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, kò sì pẹ́ tí ó fi gba gbogbo ilẹ̀ kan. Ìnira náà pọ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé Second Life ró débi pé iléeṣẹ́ náà ní láti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ wọlé, kí wọ́n lè ráyè gbá a mọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Nítorí irú nǹkan báyìí, onílẹ̀ ní àwọn ohun ìdáàbòbò lọ́wọ́. Èyí ni díẹ̀ lára wọn:

Ìkíní, ẹ̀tọ́ láti tún ilẹ̀ ṣe. Onílẹ̀ lè pa àyè yìí mọ́ kí ẹlòmíì má baà gbẹ́ kòtò sí àárín ilé rẹ̀. Bó bá gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí, ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lọ lè yí ilẹ̀ náà padà.

Ìkejì, ẹ̀tọ́ láti kọ́ nǹkan. Ó lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, fún ẹgbẹ́ kan, tàbí fún ara rẹ̀ nìkan. Ó tún lè dínà mọ́ àwọn ohun tó ń wọlé láti orí ilẹ̀ ẹlòmíì.

Ìkẹta, dídá ẹrù padà. Onílẹ̀ lè sọ iye ìṣẹ́jú tí ohun àjèjì lè lò lórí ilẹ̀ òun. Bí ìṣẹ́jú náà bá pé, ohun náà yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀.

Ìkẹrin, ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò kàn rí okùn ìdènà tó kọ ọ̀rọ̀ pé kí ó má wọlé.

Ìkarùn-ún, ẹ̀ṣọ́ aláìlẹ́mìí. Èyí jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀. Yóò kìlọ̀ fún àlejò tí wọn kò pè, bí kò bá sì lọ, yóò dá a padà sílé rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ yìí fúnra rẹ̀ ń fa ìjà, nítorí pé ẹni tó kàn ń fò kọjá tàbí tó ń wakọ̀ ojú omi lè ṣàdédé bá ara rẹ̀ níbòmíì láìṣẹ̀.

Lórí eré Minecraft, tí iléeṣẹ́ Microsoft ra lọ́dún 2014 ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là pẹ̀lú iléeṣẹ́ tó ṣe é, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Níbi tí wọ́n bá ti lo ètò tó ń jẹ́ GriefPrevention, ẹni tó ń ṣeré yóò mú ṣọ́bìrì góòlù, yóò fi kan igun kan lára ilẹ̀ rẹ̀, yóò sì tún fi kan igun tó dojú kọ ọ́, bí ìgbà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá ń ri òpó mọ́ ilẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹlòmíì kò lè fọ́ ohunkóhun níbẹ̀ àfi bó bá gbà.

Ẹjọ́ tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kì í ṣe eré

Gbogbo ìdáàbòbò wọ̀nyí ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò àti àlejò. Ṣé ó lè gbà á lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni ayé náà?

Marc Bragg, agbẹjọ́rò kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, rí ìdáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó le. Lọ́dún 2006, ó ra ilẹ̀ kan nínú Second Life ní 300 dọ́là níbi ọjà gbàǹjo. Linden Lab ní ọ̀nà ẹ̀bùrú ló gbà wọ inú gbàǹjo tí wọn kò tíì ṣí fún aráyé. Wọ́n ti àkáǹtì rẹ̀ pa, gbogbo ilẹ̀ àti ohun ìní tó ní níbẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bragg gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó ní òun gbọ́ tí iléeṣẹ́ náà ń polówó pé èèyàn lè ra ilẹ̀, kí ó sì jẹ́ tirẹ̀. Linden Lab ní kí ilé ẹjọ́ má gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí pé Bragg ti gbà sí àdéhùn tó ní aáwọ̀ wọn gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn onílàjà ní California.

Lóṣù Karùn-ún ọdún 2007, Adájọ́ Eduardo Robreno kọ ọ̀rọ̀ Linden Lab. Ó ní àdéhùn náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan jù: iléeṣẹ́ náà lè yí i padà nígbà tó bá wù ú, ó lè ti àkáǹtì èèyàn pa, oníbàárà kò sì ní àǹfààní láti dúnàá-dúrà. Ẹjọ́ náà kò tíì dé ibi tí wọ́n ti máa sọ ẹni tó ni ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn lóṣù Kẹwàá ọdún náà. Àkáǹtì Bragg sì padà.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lónìí, àdéhùn Second Life sọ ọ́ gbangba pé ìyọ̀ǹda láti lo ààyè ni ẹni tó ra ilẹ̀ rà. Kò sọ ọ́ di ohun ìní bí ilé tàbí oko.

Kódà, ilẹ̀ tí èèyàn bá pa tì nínú Second Life ń padà sọ́wọ́ avatar kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Governor Linden, ìyẹn Gómìnà Linden. Ẹni tó bá mọ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà tọdún 1978, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àbójútó gómìnà, lè rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí.

Owó náà wà níbẹ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2008, Linden Lab kéde pé owó oṣooṣù lórí irú erékùṣù kan tó jẹ́ 75 dọ́là yóò di 125 dọ́là. Àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn nínú ayé náà gan-an. Àwọn kan tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gbẹ́ odò tí wọ́n sì kọ́ òkè kó ẹrù wọn kúrò, ilẹ̀ náà sì pa rẹ́.

Níbo ni Áfíríkà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Nígbà tí Facebook yí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ padà sí Meta lóṣù Kẹwàá ọdún 2021, ọjà ilẹ̀ orí ayélujára tún gbóná. Lóṣù Kọkànlá ọdún náà, iléeṣẹ́ kan ra plọ́ọ̀tì 116 nínú ayé tó ń jẹ́ Decentraland ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 dọ́là. Mítà 16 ní 16 ni plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.

Ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ MTN kéde pé òun ti ra plọ́ọ̀tì 144 ní Ubuntuland, ayé àtọwọ́dá tí iléeṣẹ́ Africarare ní Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀.

Àwọn tó ń ta irú ilẹ̀ tuntun yìí ní ó yàtọ̀ sí ti Second Life, nítorí pé orí blockchain ni ìwé ilẹ̀ wà, níbi tí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo kò ti lè pa á rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló wà níbẹ̀. Òkè, ilé àti ọ̀nà tí èèyàn ń rí ṣì nílò kọ̀ǹpútà tó ń gbé wọn ró. Bí ayé náà bá kógbá wọlé, ìwé ilẹ̀ á wà, ilẹ̀ ò ní sí. Iye owó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gidigidi láti ìgbà tí ariwo ọdún 2021 ti lọ sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ilẹ̀ àtọwọ́dá ti gbà wúlò ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra plọ́ọ̀tì. Lọ́dún 2012, àjọ UN-Habitat, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú Nairobi, àti iléeṣẹ́ Mojang tó ṣe Minecraft bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Block by Block. Àdúgbò Kibera ní Nairobi wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti lò ó.

Wọ́n ń kọ́ àwòrán pápá tàbí ìta gbangba àdúgbò sínú Minecraft, wọn yóò sì pe àwọn ará àdúgbò, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, láti tún un ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Níbí, ilẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ń ran ilẹ̀ gidi lọ́wọ́.

Kí ni kí ẹ wò kí ẹ tó náwó síbẹ̀?

Ẹ ka àdéhùn náà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì pé ẹ gbà. Ẹ wá ibi tó ti sọ bóyá ẹ rà á ni tàbí ẹ kàn gba ìyọ̀ǹda láti lò ó, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa.

Ẹ béèrè owó oṣooṣù ṣáájú owó tí wọ́n fi ń ra ilẹ̀. Owó oṣooṣù ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá gba ilẹ̀ náà, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀tọ́ kíkọ́ nǹkan àti títún ilẹ̀ ṣe mọ́ sí ọwọ́ ara yín.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ yín. Onílẹ̀ erékùṣù nínú Second Life lè fi ìrísí ilẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì. Ètò OpenSimulator, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007 tí ẹnikẹ́ni sì lè lò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè kó gbogbo agbègbè kan, òkè, ilé àti igi rẹ̀, sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ lónìí, kí ó sì tún òkè rẹ̀ gbé dìde níbòmíì lọ́la. Nínú ayé tí gbogbo ilẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì, ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni onílẹ̀ níbẹ̀.